Wáìnì pupa olówó ńlá fún ẹ̀gbọ́n wa tó ń fẹ̀yìn tì: èwo ni kí á rà?

ỌmọÌyàrá
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Owó oṣù rẹ̀ ló fi rán gbogbo wa nílé ìwé lẹ́yìn tí bàbá wa kú, ìdí nìyẹn tí a ò fi fẹ́ ra aṣọ tàbí abọ́ fún un bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe. Ó fẹ́ràn wáìnì pupa. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Àbújá ló ti mọ̀ ọ́n, látìgbà náà ni ìgò kan sì ti máa ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ife kan lálẹ́ Sátidé, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Ti owó pọ́ọ́kú ló ń rà. Àwa àbúrò ti dá ₦200,000 jọ, a sì fẹ́ kí ó jẹ́ ìgò kan ṣoṣo, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò ní ná owó lé láyé. Ní Ìyàrá, ìpínlẹ̀ Kogí, la ti máa ṣe é, nínú ilé: iyán, ẹ̀gúsí, ẹyẹ ẹtù sísun, àsun. Kí ni kí á máa wò lára ìgò? Níbo ni kí á ti rà á? Ẹ̀rù ayédèrú ń bà mí.

ÌyáOníwáìnì, Kàbà
Àbúrò, ẹ kú ìmoore. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín pẹ́ lẹ́nu èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìgò, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Iṣẹ́ mi nìyí, mo sì ń rí i lára àwọn oníbàárà: ẹni tí Four Cousins aládùn ti mọ́ lẹ́nu, bí wọ́n bá gbé Bordeaux, wáìnì Faransé olówó gọbọi, ka iwájú rẹ̀, á dúpẹ́, á tọ́ ọ wò, á sì rọra gbé ife náà sílẹ̀. Kò jẹ̀bi rárá. Ṣúgà wà nínú èyí tó mọ́ ọn lẹ́nu. Èyí tí wọ́n bá kọ "dry" sí lára kò ní ṣúgà tí ahọ́n máa mọ̀, ó sì máa ń fa ẹnu. Gbogbo ẹni tó bá ti fi ẹnu fa omi kájú lábẹ́ igi rí ní Ìjùmú ti mọ irú fífà tí mò ń sọ, torí nǹkan kan náà ni. Tannin ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú èso kájú, ó wà nínú èèpo àti kóró àjàrà, ó tún wà nínú igi àgbá tí wọ́n ń rọ wáìnì sí.

Ẹ lọ wò ó kí ẹ padà wá.

ỌmọÌyàrá
Mo ti fọgbọ́n bi ọmọ rẹ̀. Nederburg ni, èyí tí wọ́n fi àjàrà Cabernet Sauvignon ṣe. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ń ra ìyẹn.

ÌyáOníwáìnì, Kàbà
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Dry nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ti là, ẹ lè gbé e lọ síbi tó ga.

ỌmọÒkunNíCapeTown
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ilé oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, wáìnì ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Oko Nederburg wà ní Paarl, ní South Africa níhìn-ín, ó ti wà láti ọdún 1791, nítorí náà ẹ̀gbọ́n wa kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí. Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ tèmi ni pé màá bá a lọ síwájú lójú ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè Meerlust Rubicon tàbí Kanonkop Paul Sauer, Stellenbosch ni méjèèjì ti wá. Cabernet Sauvignon tó ti mọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, àjàrà Merlot àti Cabernet Franc ni wọ́n fi lù ú, bí àwọn ará Bordeaux ṣe máa ń ṣe. Tó bá fi ẹnu kàn án, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé ọmọ ìyá ohun tó ń mu ni, pé èyí kàn ga jù ú lọ ni. Ẹnikẹ́ni ò ní ṣàlàyé fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi Pinotage lọ̀ yín, ẹ dúró ná. Àjàrà ilẹ̀ yìí gan-an ni, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Stellenbosch, Abraham Perold, ló mú un jáde ní 1925 nígbà tó so Pinot Noir pọ̀ mọ́ Cinsaut. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń ní òórùn èéfín díẹ̀ tí kì í bá gbogbo èèyàn lára mu, ọjọ́ ẹ̀yẹ kọ́ ló sì yẹ kí a fi dán ẹnu àgbà wò.

BàbáAyétòrò
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gbọ́ ohun tí ọmọ wa tó wà ní Cape Town sọ, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ ó ní ohun kan tí ẹni tó ń ra wáìnì olówó ńlá fún ilé tiwa níhìn-ín gbọ́dọ̀ rò dáadáa kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì ńlá ayé, kó tó dàgbà ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó rà á ni wọ́n retí pé kó tọ́jú rẹ̀: kó dá a dùbúlẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn, tó tutù níwọ̀n 12 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọdún mẹ́wàá, nígbà mìíràn ogún. Inú ìgò níbẹ̀ ni fífà ẹnu yẹn ti ń rọ̀, tí òórùn èso tútù ń di òórùn awọ, tábà, èso gbígbẹ, ewé igbó tí òjò rọ̀ sí. Ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ san owó gan-an nìyẹn. Ta ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ láàárín wa, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ́? Nínú oṣù kẹta, yàrá wa ń kọjá 30, iná ò sì dúró. Ká ní ẹ ra Barolo, wáìnì pupa ilẹ̀ Ítálì, lónìí: òfin Ítálì ní kò gbọ́dọ̀ jáde títí oṣù 38 fi pé, oṣù 18 nínú rẹ̀ nínú àgbá igi, pẹ̀lú gbogbo ìyẹn ẹ ṣì máa rí i pé ó ń gbá ẹnu mú. Ẹ ti san owó ohun tó máa dà lọ́la, ẹ sì mu ún lónìí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé Rioja Gran Reserva ni kí ẹ wá. Ní Rioja, apá àríwá Sípéènì, àwọn tó ń ṣe é ló ń tọ́jú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Òfin wọn ni. Ipò mẹ́ta ni wọ́n ń kọ sára ìgò. Crianza, ọdún 2 ó kéré tán, ọ̀kan nínú àgbá. Reserva, ọdún 3. Gran Reserva, ọdún 5: 2 nínú àgbá igi óákù, 2 nínú ìgò, ọ̀pọ̀ ilé ńlá sì ń fi kún un. Ọdún náà ti pé nínú ìgò kí ẹ tó rà á. Ẹ ò ní láti dúró de nǹkan kan, ẹ ò ní láti wá yàrá tútù, ojú ẹsẹ̀ ló ṣe é ṣí. Àjàrà wọn ń jẹ́ Tempranillo, fífà ẹnu rẹ̀ kì í le tó ti Cabernet, tó bá sì ti pẹ́ báyìí, ó máa ń rọ̀ lọ́fun.

Ẹ yí ìgò náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bébà kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó Rioja fi sí i, ó ní nọ́ńbà. Ti Gran Reserva máa ń ní àwọ̀ búlúù. Àwọn orúkọ tí ẹ lè wá: CVNE Imperial, La Rioja Alta 904, Muga Prado Enea, Marqués de Riscal. Imperial Gran Reserva ti 2004 ni ìwé ìròyìn Wine Spectator fi ṣe wáìnì tó gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé ní 2013, owó rẹ̀ nígbà náà kò sì tó ohun tí wọ́n ń gbà lórí ọ̀pọ̀ Bordeaux tí ẹnikẹ́ni ò rántí. Àwọ̀n wáyà oníwúrà tí ẹ máa rí lára àwọn ìgò kan kì í ṣe àmì ipò o. Láyé àtijọ́ ni wọ́n fi ń dènà àwọn tó ń yọ kọ́ọ̀kì láti rọ ayédèrú sí i. Lóde òní, ẹni tó bá wù ló ń fi sí i.

Ọmọ_Ìsánlú
Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ojú àwùjọ náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé Bordeaux sílẹ̀, gbogbo ẹni tó wà níjókòó á mọ̀ pé owó sọ̀rọ̀. Ta ló mọ Rioja ní Ìyàrá? Àbí kí wọ́n kúkú wá èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n náà?

BàbáAyétòrò
Ọmọ mi, Bordeaux tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ, márùn-ún ni wọ́n: Lafite, Latour, Margaux, Haut-Brion, Mouton. Ọdún 1855 ni wọ́n ti ṣe ìwé ipò wọn ní Faransé, àtìgbà náà ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé gòkè bọ́ sí ipò kìn-ín-ní, Mouton, ní 1973. ₦200,000 kò ní ra ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí owó yẹn máa rà ni èyí tó wà nísàlẹ̀ wọn, àwọn kan níbẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa tún padà sórí ọ̀rọ̀ ọdún tí mo sọ. Tó bá jẹ́ pé Bordeaux náà ló wù yín, ẹ wá Saint-Émilion, Merlot ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó máa ń tètè rọ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé "Grand Vin de Bordeaux" tí wọ́n ń kọ gàgàrà sára ìgò kì í ṣe ipò kankan lábẹ́ òfin. "Reserve" lára wáìnì Amẹ́ríkà náà kò ní òfin tó dì í mú. Ti Sípéènì ló ní.

Ẹ̀gbọ́n yìí ni wọ́n ń ṣe ẹ̀yẹ fún, kì í ṣe àwọn tó máa ka ara ìgò.

ỌmọÒkunNíCapeTown
Kí n fèsì lórí ti ọdún ìbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọdún tí wọ́n bí èèyàn kì í sábà jẹ́ ọdún tí àjàrà yọrí sí rere. 1965, fún àpẹẹrẹ, òjò ba ti Bordeaux jẹ́ pátápátá. Èyí tó dáa pàápàá, wáìnì tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ ò mọ yàrá tó ti sùn àti ọwọ́ tó ti kọjá, ó ṣeé ṣe kó ti kú. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn oníjìbìtì fi ṣe ilé. Rudy Kurniawan, tó ń po wáìnì jọ nínú ilé rẹ̀ ní California, tó ń lẹ orúkọ àtijọ́ mọ́ ọn, àwọn olówó tó gbọ́n ló tàn jẹ fún ọdún púpọ̀. Ní 2013 ni kóòtù ní New York dá a lẹ́bi, ní 2014 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 10. Tí ojú àwọn wọ̀nyẹn kò bá tó o, tiwa ńkọ́?

Mo sì ti ka ọ̀rọ̀ Bàbá tán. Mo gbà fún wọn. Fún mímu lọ́jọ́ náà gan-an, nínú ilé tí kò ní yàrá tútù, Gran Reserva ló máa sanwó yín padà. Tó bá jẹ́ Rubicon tàbí Paul Sauer lẹ rí, ẹ wá èyí tó ti lé ní ọdún mẹ́jọ, kì í ṣe tuntun.

ÌyáOníwáìnì, Kàbà
Ó kù sí ibi rírà. Èmi tó ń tà á ló ń sọ ọ́: ẹ má rà á ní Kàbà. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, èyí tó ń tètè lọ la ń kó, ìgò bẹ́ẹ̀ lè wà lórí pẹpẹ títí ọdún á yí, nínú ooru, iná á máa lọ á máa bọ̀. Ẹ lọ sí Àbújá, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lóru, tí wáìnì sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń tà dáadáa. Ẹ má gba èyí tó wà ní ojú fèrèsé tí oòrùn ń kàn, bí wọ́n bá tiẹ̀ bu owó rẹ̀ kù.

Ẹ gbé ìgò náà dání, ẹ má ra èyí tí wọ́n kàn fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò kọjá lórí ìdérí òkè: ó yẹ kó tẹ́jú. Bí kọ́ọ̀kì bá ti ta sókè lábẹ́ rẹ̀, ooru ló tì í. Ẹ fọwọ́ pa ọrùn ìgò, bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, wáìnì ti jò jáde nìyẹn, afẹ́fẹ́ sì ti wọlé. Ẹ gbé e sókè síná kí ẹ wo ibi tí ọtí dé: nínú ọrùn ló yẹ kó wà fún ìgò tí kò tíì pé ogún ọdún, bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ dé èjìká, ẹ dá a padà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú nísàlẹ̀ kò burú, àgbàlagbà wáìnì máa ń ní in. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ilé iṣẹ́ tó kó o wọlé. Ìwé tó bá wọ́, tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣi kọ, tàbí tí ọdún iwájú ìgò àti ti ẹ̀yìn kò bá ara wọn mu, ẹ kúrò níbẹ̀. Kí ẹ gba rìsíìtì tó dárúkọ wáìnì náà pẹ̀lú ọdún rẹ̀.

AlásèMọ̀pà
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí oúnjẹ, torí mo rí àsun níbẹ̀, àyà mi sì já. Ata àti wáìnì pupa kì í gbé pọ̀. Ọtí máa ń mú kí ata jó ẹnu sí i, ata náà á sì jẹ́ kí fífà ẹnu yẹn korò. Ìgò olówó yín á wá dà bí èyíkéyìí. Iyán àti ẹ̀gúsí tí ó ní irú àti ata rodo, ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ lé e, kó má ṣíwájú.

Ẹyẹ ẹtù yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kí ata tó kan àwọn yòókù. Iyọ̀, àlùbọ́sà, aáyù, ewé táìmù díẹ̀, òróró ẹ̀pà. Ẹ fi pa á lóru, kí ẹ sun ún lórí èédú tí kò jó ju, kí awọ rẹ̀ pọ́n, kí omi inú rẹ̀ má gbẹ. Tí ẹ bá rí ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn, ìyẹn tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Rioja tí Bàbá ń sọ yẹn, ẹ̀ka àjàrà gbígbẹ ni wọ́n fi ń sun ún. Tannin máa ń di mọ́ ọ̀rá àti ara ẹran, ẹnu á sì rọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n jẹ ẹran náà, kó mu ife rẹ̀, kí a tó wá gbé iyán dé.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbẹ́
Ẹ kú àpérò. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín nípa oògùn tó ń lò kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó wà lórí oògùn ìfúnpá tàbí ti àtọ̀gbẹ, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo Flagyl lọ́wọ́, kó má fẹnu kan ọtí rárá. Aláboyún, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó máa wakọ̀ padà sí Lọ́kọ́ja lálẹ́, ẹ bá a wá omi àjàrà tí kò ní ọtí.

Ohun mìíràn ni pé ìdílé ìjọ ECWA àti ti Mùsùlùmí pọ̀ lágbègbè wa, àwọn tí kì í fọwọ́ kan ọtí. Ẹ má ṣí i láàárín àpèjẹ. Ẹ jẹ́ kí àlejò túká ná, kí ẹ wá ṣí i pẹ̀lú ẹyẹ ẹtù tí ẹ yà sọ́tọ̀.

Abílékọ_Búnú
Ẹ ṣeun gan-an. Kí ni kí ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn ohun dídùn rà? Màmá mi ò lè mu dry.

BàbáAyétòrò
Tawny port, ìyàwó wa, èyí tí wọ́n kọ "20 Years" sí lára bí owó bá tó, "10 Years" bí kò bá tó. Àfonífojì Douro ní Potogí ló ti ń wá. Wọ́n máa ń da ọtí líle sí i kí gbogbo ṣúgà àjàrà tó tán, ìdí nìyẹn tó fi dùn, tó sì le tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú àgbá ló ti dàgbà, òun náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún, tútù díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà tàbí kájú yíyan. Tí ẹ bá ṣí i, ó máa wà ní fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láì bàjẹ́. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ o, ẹ ka ohun tí nọ́ọ̀sì sọ.

ỌmọÌyàrá
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. A ti fohùn ṣọ̀kan: Rioja Gran Reserva, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó wà ní Àbújá ló máa lọ fojú rí i kó tó sanwó. Bí owó bá ṣẹ́ kù, a ó fi ra Nederburg tirẹ̀ fún àwọn yòókù. Báwo ni kó ṣe gbé e wálé? Báwo sì ni a ṣe máa ṣí i?

ỌmọÒkunNíCapeTown
Kó má gbé e sínú bùútù ọkọ̀. Láàárín ọ̀sán, ibẹ̀ ń gbóná ju ìta lọ. Kó fi tówẹ̀lì wé e, kó gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín díẹ̀ tí a dì sínú ọ̀rá, kí kúlà náà wà níwájú pẹ̀lú rẹ̀. Kó kúrò ní Àbújá ní ìdájí.

Kó dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ dá ìgò náà dúró ní yàrá tó tutù jù nínú ilé, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀, ẹ má mì í mọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ gbé e sí fíríìjì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, kó má dì, ohun tí ẹ ń wá ni 16 sí 18. Àwọn tó ń sọ pé wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì, yàrá ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ń sọ.

Kọ́ọ̀kì tó ti dàgbà lè já. Ẹ fi ìrin tí wọ́n fi ń yọ kọ́ọ̀kì wọlé tààrà ní àárín gbùngbùn, ẹ rọra fà á, ẹ má gbọn ọn. Bí ó bá já, ẹ fi asẹ́ tíì tó mọ́ sẹ́ ẹ sínú jọ́ọ̀gì. Gbọ́ òórùn rẹ̀: bí ó bá ń rùn bíi páálí tí omi rẹ, kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ṣọ́ọ̀bù gidi máa ń gba irú rẹ̀ padà, ìdí nìyẹn tí rìsíìtì fi ṣe pàtàkì. Bí ó bá dára, ẹ dà á sí ife ńlá, kó má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ife. Ẹ má dà á sí jọ́ọ̀gì fún wákàtí méjì bí wọ́n ṣe ń ṣe fún wáìnì tí kò tíì dàgbà, òórùn àgbàlagbà wáìnì tètè ń lọ. Ìgò kan jẹ́ 750 ml, ife 5 ni, bí ẹ bá ń bu ohun tó dín díẹ̀ ní 150 ml. Ẹ ti mọ àwọn márùn-ún náà kí ọjọ́ tó pé. Ẹ fi ìka omi kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni.